Ọmọ Tí N Kò Bá Wọn Sọ Lórúkọ

Títí di òní, bí òórùn aṣọ tuntun bá ta sí mi nímú, ọjà Missèbo ní Kútọnù ni ọkàn mi ń lọ, sí ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi, níbi tí ọ̀rẹ́ mi télọ̀ ń gbé. Aṣọ ló ń rán láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀sán Àìkú, akọni ni lórí pápá tí Faransé kan ti ń ṣètò ìjàkadì. Faransé ló ṣì ni Dahomey nígbà náà. Gbogbo àwa ará Nàìjíríà tó ń ta aṣọ ní Kútọnù là ń wọ́ tẹ̀ lé e lọ. Olóòótọ́ wa ni. Kì í lu ẹni tó bá ti ṣubú.

Láàárọ̀ Àìkú kan, ìyàwó rẹ̀ bímọ obìnrin, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń retí. Ó sáré wá bá mi.

"Wá bá wa sọ ọ́ lórúkọ o. Ìwọ ni mọ̀lẹ́bí tí mo ní níbí."

"Ṣé ó tún yẹ kí o bẹ̀ mí ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, apẹja kan láti abúlé Ekpè ló bá a jà, ẹni tí àwa náà fẹ́ràn. Apẹja ṣubú. Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbé e dìde, àfi bó ṣe da yanrìn sí i lójú, tó tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Pápá dàrú, àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Èmi ni mo kọ́kọ́ kígbe pé, "Ọ̀dàlẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ìsọ̀ mi. "Ọ̀gá Faransé ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi àti apẹja la jọ mọ̀ ọ́n." Aṣọ ni mo ń ká, n kò wò ó, bẹ́ẹ̀ ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó dáhùn ìkíni rẹ̀ ní Missèbo.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mo dúró lẹ́yìn ọgbà wọn. Iyọ̀ àti oyin wà nílẹ̀, ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àlejò ṣófo, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Apẹja Ekpè ló wọlé, pẹ̀lú agbọ̀n ẹja, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Ọ̀rẹ́, ọmọ wa dà?" Wọ́n dì mọ́ra. Nígbà tí kò sí àgbà kankan, òun ló fi iyọ̀ tọ́ ọmọ náà lẹ́nu. Ìtìjú kò jẹ́ kí n wọlé.

Kí oṣù náà tó parí, ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Ekpè. N kò rí wọn mọ́. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Nínú gbogbo ìjà yẹn, èmi nìkan ni mo dalẹ̀ ní tòótọ́. Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ tí mo mú dání fún ọmọ náà, nítorí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí i. N kò tíì fi pe ẹnikẹ́ni.