Sájẹ́ǹtì Tó Gbé Èébú Mì

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Sájẹ́ǹtì Oyèníran ní Mushin, ọjọ́ tí ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá sunkún níwájú àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Rìkúrúùtì Sùnmọ́nù wà láàárín ìlà, ó na àyà síta, ó gbé orí sókè, omijé sì ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá Theophilus, ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ olórí ọgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀, sún mọ́ Oyèníran tó ń kọ́ wọn ní páréèdì.

"Sájẹ́ǹtì, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ nà wọ́n mọ́. Ẹ ti nà án."

"Mi ò fọwọ́ kàn án, sà. Oríkì rẹ̀ ni mo kì."

Bí oríkì ṣe wọ páréèdì nìyí. Ọdún tí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pàá náà gbọ́dọ̀ yí padà. Wọ́n fòfin de kóbókò, wọ́n fòfin de èébú, wọ́n ní ọlọ́pàá tí wọ́n fi èébú kọ́, èébú ni yóò máa bú ará ìlú. Ti kóbókò kò dun Oyèníran, apá tiẹ̀ ti ń ro ó. Èébú ni wọn ì bá má gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú a máa dúró létí ọgbà láti gbọ́ tọjọ́ náà. Bí rìkúrúùtì bá yí sọ́tùn-ún nígbà tó ní kó yí sósì, yóò bi í pé, "Ṣé iyán àná ni ìyá ẹ fi mọ orí yẹn ni?" Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, òun náà a gba tirẹ̀.

Ọ̀gá Theophilus pè é sí ọ́fíìsì. "Kò sẹ́ni tó mọ páréèdì tó yín, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ èébú kan lẹ́nu yín kí àwọn àlejò láti orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá tó wá wò wá, ilé lẹ ń lọ."

Ìdààmú bá a. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó dé pápá, èébú kún ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Nígbà tó di ọ̀sán, èyí tó ti gbé mì kò jẹ́ kó lè jẹun.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Làbákẹ́, ló gbà á nímọ̀ràn nílé wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. "Baba Làbákẹ́, bí wọn ò bá ní kẹ́ ẹ bú wọn, ẹ kì wọ́n. Ọmọ tí wọ́n bá kì, orí rẹ̀ a wú."

Oyèníran bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oríkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Bó bá délé, a dúró ní pálọ̀, a máa kọ́ ọ sórí bí ẹni fẹ́ ṣe ìdánwò. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ìlúpéjú fi ń gbọ́, "Àjàní, gbé ẹsẹ̀ yẹn, ọmọ ọlọ́lá. Àlàó, ju apá, baba mi." Mùktárù ọmọ Kánò kò ní irú oríkì bẹ́ẹ̀, Oyèníran sì fún un ní Àyìndé lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, bí ẹ bá pè é ní Mùktárù, kì í dáhùn mọ́.

Sùnmọ́nù nìkan ni kò sọ tirẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò dé gan-an ló tó yọ́ ọ sọ. Nígbà tí ìlà wọn sì dé iwájú àwọn èèyàn ńlá, Oyèníran figbe ta bí ìyá ṣe ń pe ọmọ, "Àrẹ̀mú, ọkọ mi, máa bọ̀."

"Ìyá mi ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, sà," ni Sùnmọ́nù fi omijé sọ fún ọ̀gá. "Látìgbà tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá Theophilus yíjú sí àwọn àlejò, ó ní atẹ́gùn ló fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ sí ọmọ náà lójú. Oyèníran wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó kú, Ọ̀gá Theophilus wá kí opó rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ ìtàn olóògbé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ kò tú ká. "Màámá, àárò wọn ń sọ mí. Ó sì ń dùn mí pé mo halẹ̀ mọ́ wọn nígbà yẹn."

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ni obìnrin náà wí. "Kẹ́ ẹ tó fòfin de èébú, bínú bá ń bí i, a bú mi. Bínú rẹ̀ bá dùn, mo di Ìyá Làbákẹ́. Ó ń kọ́ oríkì àwọn ọmọ yín ní pálọ̀ lọ́jọ́ kan, ló bá yíjú sí mi, ó ní, 'Ìwọ ńkọ́, o ò ní tìẹ ni?'"

Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Àṣàbí ló ń pè mí títí ó fi lọ."