Òdòdó Tí Òtútù Ń Tọ́

Igbe tí Ìyá Àgbà ké lọ́jọ́ náà, mo rò pé èèyàn ló kú. Berlin ló ti ń bọ̀, kò tíì bọ́ kóòtù, àpò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò wa, Wilhelmsburg. Ẹ̀gbẹ́ Heizung, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ló ń wò, níbi tí a to àwọn ìkòkò òdòdó rẹ̀ sí. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ọpẹ́.

"Ta ló kó wọn wọlé?"

"Èmi ni, mà. Òtútù fẹ́ pa wọ́n níta. Ẹ wò ó, wọ́n ti ń hù!"

Lóòótọ́, ọ̀mùnú ti yọrí nínú àwọn ìkòkò náà. Màmá mi ti fi ìborùn rẹ̀ wé wọn, ó sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wọ́n wọn.

Aládùúgbò wa ni Ìyá Àgbà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Frauenschuh ló ń gbìn, òdòdó kan tó ṣọ̀wọ́n, tí ètè rẹ̀ rí bíi sálúbàtà ọmọdé. Irúgbìn rẹ̀ kúná bí eruku. Inú ìgò ló ń gbìn ín sí, lẹ́yìn tó bá ti se ìgò náà nínú omi títí tí yóò fi máa pariwo, kí kòkòrò àìrí kankan má bàa kù nínú rẹ̀. Bí ohun inú ìgò bá bu pẹ́nrẹ́n, gbogbo iṣẹ́ ti dànù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tọ́ àwọn tó ti kó sínú ìkòkò ní bálíkónì rẹ̀. Ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí Ọ̀yọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní lọ láìfojú rí ìtànná wọn.

Ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Marzahn ló gbé e lọ sí Berlin. Ó fún màmá mi ní kọ́kọ́rọ́, kò sọ nǹkan kan nípa òdòdó. Nígbà tí màmá mi rí yìnyín lórí àwọn ìkòkò, ó pariwo pé ìyá ti gbàgbé wọn. Nílé wa, ohun tí òtútù bá mú, aṣọ la máa ń dà bò ó. Báyìí la ṣe kó wọn wọlé.

Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Oorun ni wọ́n ń sùn. Inú òtútù ni wọ́n ti ń gba agbára. Wọ́n ti wá jí báyìí, oòrùn tí yóò bọ́ wọn ò sì tíì sí. Bí mo bá dá wọn padà síta, yìnyín á pa ọ̀mùnú yẹn."

Màmá mi kúnlẹ̀. "Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Àánú wọn ló ṣe ẹ́, ọmọ mi. Àánú yẹn náà ló pa wọ́n."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àánú lè pa nǹkan. Àwọn ọ̀mùnú náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, wọ́n pọ́n, wọ́n sì rà.

Ìkòkò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, èyí tí a ò rí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ ní bálíkónì. Nígbà tí ìgbà òtútù kọjá, ó tanná, ó pupa rúsúrúsú, ètè rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Ìyá Àgbà fi ẹ̀yìn ìka kàn án, ó ní kí màmá mi wá wò ó. Ẹnu yà mí nígbà tó ń padà sí Ọ̀yọ́: ọwọ́ màmá mi gan-an ló fi ìkòkò náà lé.

Berlin ni mo ń gbé báyìí, màmá mi sì ti pín díẹ̀ nínú òdòdó náà fún mi. Bí yìnyín bá ti ń bọ́, ọwọ́ á máa yún mi lẹ́yìn gíláàsì láti gbé e wọlé. Ìgbà náà ni màmá mi máa ń pè.

"Ṣé o wọ kóòtù? Ṣé Heizung ń ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òun ńkọ́?"

"Ó wà níta."

"Má gbé e wọlé o."