Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Tí N Kò Lè Dìde

Tí mo bá sọ fún èèyàn pé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe ní Èjìgbò l'Ékòó, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. "Omi wo ló wà ní Èjìgbò?" Wọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò sọdá lẹ́yìn ilé wọn lójoojúmọ́. Inú máa ń bí mi, àmọ́ ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé.

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Èkìtì, Ìsọlọ̀ ló kọ́lé sí. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé òun ò mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, òun ò sì mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, nítorí náà kí n mú àwọn èèyàn mi wá ní Sátidé kí òun fojú ara òun rí mi. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí mo bá ṣe wọlé lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa fi pinnu bóyá wọ́n á fún mi lọ́mọ tàbí wọn ò ní fún mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, oníbàárà kan fi píkọ́ọ̀pù gbé ẹ́ńjìnì ńlá kan wá. Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ wúwo ju géńdé ọkùnrin lọ, ìwúwo rẹ̀ ò sì dọ́gba. Orí ni gbogbo rẹ̀ kó sí, ìdí rẹ̀ wá gùn gbọọrọ bí ẹsẹ̀ lékeléke. A kì í dì í mú níbi ìdérí, torí ìdérí lè ṣí kúrò lọ́wọ́ ẹni. A kì í jẹ́ kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, kí omi tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ má baà ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnì. Ṣéènì la máa ń fi kọ́ ọ láti òkè, tí a ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ṣéènì, a ó pe ara wa jọ, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a ó tẹ orúnkún, ẹnì kan ṣoṣo láàárín wa ni yóò máa pè é kí gbogbo wa lè gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ti gbé ṣéènì lọ sí Apakun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní òun ò ní pẹ́ dé. Dírẹ́bà píkọ́ọ̀pù ti lọ wá oúnjẹ jẹ. Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ká ní mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi ni, n kì bá ní ìtàn kankan sọ.

Ìgbà náà ni àfẹ́sọ́nà mi dé, tòun ti oúnjẹ nínú kúlà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, ibi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ṣífíìtì àárọ̀ ni. Ó rí i tí mò ń yí píkọ́ọ̀pù náà po.

"Jẹ́ ká jọ gbé e," ó ní. "Ojoojúmọ́ la ń gbé páálí níbi iṣẹ́ wa."

"Ta ni? Ìwọ? Lọ jókòó, jàre. Ṣebí èmi lọkùnrin."

"Nǹkan yìí mà tóbi o. Dúró de ẹnìkejì ẹ nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Mo gbá ẹ́ńjìnì náà mọ́ra níbàdí, mo tẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé e. Mo gbé e lóòótọ́! Mo gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe fẹ́ yí sí ẹ̀gbẹ́ ni nǹkan kan dún pó nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi. Orí àwọn táyà àlòkù ni mo jù ú sí. Ẹ́ńjìnì ò fara pa rárá, èmi ni mo fara pa.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ó béèrè.

"Kí ló fẹ́ wà?" Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbé kúlà kalẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo fi ìpara ara ríro pa ẹ̀yìn mi títí ilẹ̀ Sátidé fi mọ́. Ibi tí ọwọ́ mi ò dé gan-an ló ń dùn mí jù.

Èmi, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi la jọ lọ. Bí a ṣe wọ pálọ̀ bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fojú bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò dúró ṣánṣán níwájú àna, tí á ní ẹ̀yìn ń dun òun? Mo na gbalaja.

"O ṣeun," bàbá náà ní. "Dìde."

N kò dìde.

"Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ re!" Ohùn àbúrò ìyá àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn. "Àwọn ọmọ ìwòyí, orí ni wọ́n ń mì sí èèyàn."

Inú bàbá náà dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mò ń ṣe àmín sínú kápẹ́ẹ̀tì, òógùn bò mí. Ó parí àdúrà, ó tún ní kí n dìde. Wọ́n tún yìn mí. Ìyìn yẹn ń ta mí ju ẹ̀yìn lọ, torí mo mọ̀ pé kò tọ́ sí mi. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín dé, ikú ò tiẹ̀ yọjú.

"Ó tó gẹ́ẹ́, dìde," ẹ̀gbọ́n bàbá mi rọra sọ.

"Ẹ̀yìn mi ni, sà. Mi ò lè dìde."

Ó di apá mi mú, ó fà á. Mo figbe ta. Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti ń pàṣẹ fún àwọn àgbà láti ilẹ̀: "Ẹ má fa apá! Ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn! Ẹ gbá mi mọ́ra! Kí ẹnì kan ṣoṣo máa pè é!" Bàbá tí mo wá dọ̀bálẹ̀ fún wá kúnlẹ̀ tì mí nínú aṣọ funfun rẹ̀. Òun ló pè é bí ẹni tó wà ní kíláàsì: "Ó yá, gbé e!" Orí àga tirẹ̀ ni wọ́n gbé mi lé, torí àga náà ló sún mọ́ wa jù. Èmi àna wá jókòó sórí àga bàbá, bàbá wá wà lórí ìdúró. Ìyá mi dorí kodò.

"Kí ló ṣe ẹ̀yìn ẹ?" bàbá àfẹ́sọ́nà mi béèrè.

"Ẹ́ńjìnì ni mo gbé, sà."

"Ìwọ nìkan?"

"Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀, sà."

"Mo wà níbẹ̀, Dádì." Àfẹ́sọ́nà mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Mo ní ká jọ gbé e. Ó ní kí n lọ jókòó."

Bàbá rẹ̀ ò wò mí mọ́, ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí. "Tí ẹrù bá dé nílé yín lọ́jọ́ iwájú, ṣé ẹni tí yóò máa ní kí o lọ jókòó nìyí?"

"Mi ò mọ̀, Dádì. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá tún dọ̀bálẹ̀ ni. Ìdọ̀bálẹ̀ máa ń gba ọkùnrin lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀: wàá nà sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti tó. Ṣùgbọ́n mi ò lè kúrò lórí àga yẹn, ojú àfẹ́sọ́nà mi ni mo gbọ́dọ̀ wò.

"Ó wúwo jù mí lọ," mo ní. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé e. Torí pé ìwọ ń wò mí ni mo ṣe gbé e."

"Èmi náà mọ̀," ó ní. "Mo gbọ́ nígbà tó dún. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń retí kí o sọ fún mi."

Bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ gbé oúnjẹ wá fún àwọn àlejò. Wọ́n gbé tèmi síwájú mi, mi ò lè tẹ̀ síwájú mú ṣíbí. Àfẹ́sọ́nà mi ló fà á sún mọ́ mi, mo sì jẹ́ kó fà á.