Awọ́nríwọ́n Inú Yàrá Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí wọ́n ń di ṣùkú fún lọ sí ilé ìwé, South Thamesmead ni à ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé kọnkéré gíga-gíga tó wà létí adágún omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá níbẹ̀ lónìí, tí ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fojú di wọ́n o. Ibẹ̀ ni mo ti sin ẹranko kan tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò sìn rí. Ajá kọ́. Ológbò kọ́. Ìgúánà ni. Bí ẹ ò bá mọ ìgúánà, ẹ ronú alángbá, àmọ́ kí ẹ jẹ́ kó ní àwọ̀ ilá tútù, kí ìrù rẹ̀ gùn ju gbogbo ara yòókù lọ, kí ojú rẹ̀ sì le bíi ti ìyá ọkọ tí ìyàwó kò kí láàárọ̀.

Òyìnbó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa ló ni ín. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ wo ẹranko náà, torí kò sí ẹni tó ń dúró dè mí nílé. Mọ́mì mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, Dádì mi ń wa bọ́ọ̀sì, mi ò sì ní ẹ̀gbọ́n, mi ò ní àbúrò. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fẹ́ kó lọ sí Scotland, ó gbé ẹranko náà fún mi, àti àpótí onígíláàsì rẹ̀, àti iná tó máa ń yá. Kékeré ni nígbà yẹn, kò tíì gùn ju síbí ìrokà lọ tí èèyàn bá yọ ti ìrù kúrò. Mọ́mì dé láti ibi iṣẹ́, ó rí i, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Aúsùbìláhì!"

Dádì ló dájọ́. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú lóṣù tó ń bọ̀, ó ń bọ̀ wá lo àkókò díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, yàrá tí a gbé àpótí ẹranko náà sí sì ni yàrá tó fẹ́ máa sùn, torí pé òun nìkan ni híítà rẹ̀ ń gbóná dáadáa. Dádì ní tí Màmá bá dé, tí nǹkan yìí ṣì ń sá fún èèyàn, tó ń na èèyàn ní ìrù, tí kò sì jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ń padà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á ní Woolwich nìyẹn. Kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kò gbọ́ ẹkún. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn ẹranko yẹn ju bí mo ṣe lè fẹnu sọ lọ. Òun nìkan ló máa ń wà nílé tí mo bá dé.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èèyàn kì í fi agídí bá ìgúánà ṣọ̀rẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, tí mo bá ki ọwọ́ bọ inú àpótí láti òkè, pàà! ló máa fi ìrù nà mí. Ó dùn mí, ó sì bí mi nínú. Àfi ìgbà tí mo wá rò ó pé ẹni tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, tí nǹkan ń já bọ̀ láti òkè, àṣá ni yóò pè é. Mo wá ń na ọwọ́ láti ìsàlẹ̀, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, mo sì ń dúró. Mo fi aṣọ ilé ìwé mi kan tí mo ti wọ̀ sínú àpótí kó lè máa gbóòórùn mi. Ewé ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ìrẹsì ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò Mọ́mì. Ewé òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò tó ń hù káàkiri pápá lọ́nà Lesnes Abbey ló fẹ́ràn jù. Mo máa ń já a bọ àpò kóòtù mi, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń gé e wẹ́wẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ahọ́n rẹ̀ kékeré ń rìn mí ní ìka. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ sọ fún Mọ́mì lórí ibùsùn, ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn jàre.

Ìyá Àgbà wá dé. Obìnrin kúkúrú kan báyìí ni, ó ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò fà rárá. Ó wọ yàrá, ó rí àpótí, ó fẹ̀yìn rìn jáde. Ó ní, "Awọ́nríwọ́n! Ẹ gbé awọ́nríwọ́n sínú yàrá tí mo fẹ́ máa kírun! Ṣé ẹ̀yin ò rí ilé gbé ni?" Dádì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Èmi ti ń sunkún láìpariwo. Ìyá Àgbà wò mí, ó wo Dádì, ó ní, "Fi sílẹ̀ ná. Ká ṣì máa wò ó." Lọ́jọ́ yẹn, ó fi ìborùn bo àpótí náà kó tó lè pa ojú dé.

Ohun tí kò sí ẹni tó rò ni pé ẹranko náà kò ní jẹun mọ́. Àlejò dé, òórùn tuntun wọ yàrá, ẹnì kan ń wọlé ń jáde, ẹnì kan ń fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Ó fara mọ́ igun àpótí, ó di ojú. Mo gbé ewé fún un, kò wò ó. Ọjọ́ kejì, kò jẹ. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Àwọ̀ rẹ̀ ń ṣú.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá wa. Ìyá Àgbà lè fara da gbogbo nǹkan láyé yìí, àmọ́ kò lè wà nínú ilé tí ẹnì kan ò ti jẹun. Ìbẹ̀rù tó ní fún ẹranko yẹn, ebi ẹranko náà borí rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí láyé àtijọ́ á mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ká ẹnu rẹ̀, wọ́n á da ẹ̀kọ sínú ọwọ́ yẹn, ọmọ á gbé e mì tipátipá, ìgbà tó bá fẹ́ ké ni ẹ̀kọ á wọlé. Bí Ìyá Àgbà ṣe tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, mo bá a lórí ẹní, ó fi ìborùn ká ẹranko mi, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ife ẹ̀kọ mímu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ fún un pé, "Gbé e mì. Dádì rẹ náà ṣe báyìí, ó sì yó."

Mo ké, "Grandma, ẹ má ṣe é!" Ẹranko náà jà, ó yí, ìborùn tú, Ìyá Àgbà di ohun tó lè dì mú. Ìrù ni. Ìrù náà já. Ó ń jó lórí kápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ sì ti dà sórí gbogbo nǹkan, ẹranko ti sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Àgbà ń pariwo, "Yéè! Mo dáràn o!" Èmi náà ń pariwo. Ẹni tó ń gbé lókè wa ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ fún wa.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, Ìyá Àgbà ní ìrù ọmọńlé máa ń já, ó sì máa ń hù padà, òun rí i ní ìgbà èwe òun láìmọye. Òótọ́ ló sọ. Dádì dé, ó wo ẹranko tó ti rù, tí kò ní ìrù, tí kò jẹun. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó rọra ní, "Ọmọ mi, ó máa kú sọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa gbé e padà fún àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú." Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Sátidé ò tíì pé. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá a wò ó."

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe bá a wò ó. Lójoojúmọ́ tó bá ti kírun Àsárì, kò ní dìde. Ó máa jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti híítà, ó máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni ń jẹ obì. Ó ní kí n ṣí àpótí sílẹ̀, kí n kó ewé síwájú rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ rí ewé yẹn, ó ní, "Ṣé yánrin wà níbí náà ni?" Kì í ṣe yánrin, àmọ́ wọ́n jọra bí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, ó sì ní kí n já èyí tó pọ̀ wá kí òun fi ègúsí sè é. A jẹ ẹ́. Ó korò díẹ̀, ó dùn.

Ó ń jókòó báyìí, kò sì ní wo ẹranko náà rárá. Kì í ṣe ọgbọ́n o, ẹ̀rù ni! Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ pé bí òun bá wo ojú rẹ̀, òun á sá jáde. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹranko náà ń wá gan-an nìyẹn: ẹni tí kò ní wò ó, tí kò ní na ọwọ́, tí kò ní pè é. Gbogbo àwa yòókù nínú ilé, ìkánjú ni, ká ju bàtà, ká sáré mú bọ́ọ̀sì. Òun nìkan ló ń jókòó. Lọ́jọ́ kan, ẹranko náà yọ orí. Lọ́jọ́ kejì, ó jáde, ó sùn lórí ẹní níbi tí ooru híítà dé. Kò tíì jẹun ṣá.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, Sátidé ku ọ̀la. Mo rọra ti ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà wà lórí ìforíkanlẹ̀. Ẹranko náà wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo dúró gbagidi. Ó na ọrùn, ó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tó gun òkè wá gba atẹ́gùn. Ìyá Àgbà kò gbé orí. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe ń pẹ́ lọ, mo rí i tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó wu ẹranko náà, ó gba èjìká sọ̀kalẹ̀, ó rìn kọjá etí rẹ̀, ó dé ibi ewé, ó sì já a jẹ. Ó tún já òmíràn. Ìyá Àgbà wá jókòó, ó parí ìrun rẹ̀, ó sálámà sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, òun àti ẹranko wá ń wo ara wọn. Ó fi ohùn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ sọ pé, "Ọmọ mi, wá gbé e kúrò. Jẹ́jẹ́. Mo bẹ̀ ọ́." Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ewé lórí rẹ̀, ẹranko náà gùn ún, ó ń jẹun lọ.

Mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò fi fò dìde. Ó ní ẹ̀rù ba òun débi pé gbogbo ohun tí òun ń ké dàrú mọ́ òun lẹ́nu. "Àmọ́ tí mo bá gbọn ara, kò ní jáde mọ́ láé. Ìwọ lo máa sunkún. Mo wò ó pé ẹ̀rù tèmi á tán, ẹkún tìẹ ò ní tán bọ̀rọ̀." Nígbà tí Dádì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹranko náà lọ, kó gbé òun náà lọ sí Woolwich. Dádì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ẹranko yẹn pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wa. Ìrù rẹ̀ hù, ó dúdú, kò dọ́gba, ó sì gùn títí tó fi ń gba gbogbo ojú fèrèsé. Ìyá Àgbà padà sí Ìjẹ̀bú, ó ti di ẹni Ọlọ́run báyìí. Kí Allah forí jìn ín.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé wa yẹn ti lọ sínú erùpẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tuntun ń kó èèyàn kúrò ní Abbey Wood bí ìgbà tí ẹ̀fúùfù ń gbé ewé, oúnjẹ ìgúánà pàápàá ń bẹ nínú ike, ẹ kàn ń tẹ fóònù ni, wọ́n á gbé e wá. Èmi náà ti di Grandma. Bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá dé, wọ́n á ní "Hi Grandma" láti ẹnu ọ̀nà, nǹkan wà létí wọn, ojú wọn wà nínú fóònù. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dì mọ́ wọn, mo máa ń fa etí, mo máa ń pè wọ́n jókòó tipátipá, mo ń rọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú mi lé wọn lórí ní Yorùbá. Wọ́n á sá wọ yàrá. Mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Mo máa ń dín dòdò, mo máa gbé e sórí tábìlì kékeré, mo máa jókòó sórí àga gígùn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà mi, mi ò ní wo ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí àbíkẹ́yìn inú wọn jáde wá, ó mú dòdò kan, ó mú òmíràn, ó jókòó sí ìkángun àga. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ mi díẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó gbé orí lé mi ní èjìká, ó ní, "Grandma, kí lẹ ń kà?" Ẹsẹ̀ mi ti kú pátápátá, omi ń hó dànù lórí iná nínú kíṣíìnì. Mi ò dìde.