Omi Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀ńpù Alhaji

Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí Malachi Akínladé ti ń tún rédíò àti ẹ̀ńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ṣe ní Ìgbó-Ọrà. Ohun tó bá sọ pé ó ṣe ẹ̀rọ, òun náà làwọn èèyàn máa ń gbà. Ìgbàgbọ́ yìí ló kó bá Ṣàkírát.

Àbúrò ìyàwó Alhaji Àbdùlàhí ni Ṣàkírát. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé tó ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Nínú oṣù Ààwẹ̀ tó kọjá, Alhaji gbé ẹ̀ńpù rẹ̀ wá: sípíkà ọ̀tún á sọ̀rọ̀, á tún dákẹ́. Oníbàárà mẹ́ta ló ń dúró de Malachi lọ́jọ́ náà. Ó ṣí ìdérí, ó rí ohun funfun kan tó gbẹ mọ́ bọ́ọ̀dù tí wọ́n to ẹ̀yà inú rẹ̀ sí, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Omi ló wọ inú ẹ̀, Alhaji. Ta ló ń nu yàrá yín?"

Ó pààrọ̀ nǹkan méjì kan, ẹ̀ńpù sọ̀rọ̀, Alhaji gbé e lọ. Kò pẹ́ tí Malachi fi gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti dìjà. Ṣàkírát ló ń nu yàrá. Ó ní òun kò da omi sí nǹkan kan, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ó kẹ́rù padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú Tápà nígbà tó ku oṣù mẹ́rin péré kó ṣe fírídọ̀mù, kó gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́. Malachi mirí, ó ní ọmọ ìsinsìnyí kì í jẹ́wọ́.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ẹ̀ńpù náà tún dé, àìsàn àtijọ́ ló ń ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí Malachi ráyè. Ó ń fi igi búrọ́ọ̀ṣì kan bọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́. Nígbà tó kan ibi tí wáyà sípíkà ọ̀tún ti wọlé, ohùn lọ. Ó tún un kàn, ohùn dé. Ó yí bọ́ọ̀dù padà. Òjé tí wọ́n fi jó wáyà náà ti là yíká, bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Àfi bó ṣe rántí wáyà náà: òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ìkánjú kò jẹ́ kí irin tó fi ń jó òjé gbóná tó. Ó fi èékánná ha ohun funfun ọjọ́sí. Gọ́ọ̀mù ni, èyí táwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi di àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ mú. Omi kankan kò débẹ̀ rí.

Ìṣẹ́jú méjì ló fi tún wáyà náà jó. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀ńpù fi wà lórí pẹpẹ, tí kò lè wo ojú rẹ̀. Rosaline ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní ibà ni. Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé e lọ sílé Alhaji.

"Alhaji, omi kọ́ o. Èmi ni mi ò jó wáyà yín dáadáa. Ṣàkírát kò ṣe nǹkan kan."

Ìyàwó Alhaji, tó ń ṣa ẹ̀wà, dìde, ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́.

Alhaji ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta lọmọ yẹn kúnlẹ̀ níwájú mi."

Lọ́jọ́ kejì Malachi gun ọ̀kadà lọ sí Tápà. Ó bá Ṣàkírát níbi tóun àti ìyá rẹ̀ ti ń bó ẹ̀gẹ́. Àgbà ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ sáàárín èèpo, ó sì ro gbogbo rẹ̀.

Ṣàkírát ní, "Ẹ dìde, Bọ̀dá. Ẹ̀yin ò mọ̀ mí rí, ẹ lè ṣì mí rò. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, tó pọ̀n mí dàgbà?"

Malachi kàn ń bẹ̀ ẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣàkírát ní òun kò lè sùn nílé yẹn mọ́, àmọ́ bí ọ̀gá tó ń kọ́ òun ní aṣọ rírán bá gba òun sílé, òun á wá. Malachi lọ bẹ ọ̀gá náà, ó gbà.

Lọ́jọ́ fírídọ̀mù Ṣàkírát, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó Alhaji, wá, ó gbé ẹ̀bùn dání. Ṣàkírát kúnlẹ̀ kí i bó ṣe kí àwọn àgbà tí kò bá a tan, ó gba ẹ̀bùn, ó dúpẹ́, ó sì kọjá sọ́dọ̀ àwọn àlejò tó kù. Malachi rí i láti ibi tó jókòó sí. Ó sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀.