Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Ti Géètì Pa

Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, nítorí bí mo bá sọ ìyókù tán, ẹlòmíràn lè fẹ́ bú u, èmi nìkan ni mo sì ní àṣẹ láti bú u.

Ọládàpọ̀ lorúkọ rẹ̀, Bàbá Dámi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ ológun òfuurufú ní Kàdúná níbí. Kò wa bàálù rí o. Àwọn tó ń wà á ni ìwé ìròyìn ń ya fọ́tò wọn. Àwọn bíi tirẹ̀ ló máa ń wà lábẹ́ ìyẹ́ bàálù, tí gírísì yóò kùn wọ́n dé ìgúnpá. Níbi iṣẹ́ wọn, pátákó ńlá kan wà lára ògiri tí wọ́n ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí: òòlù ní àwòrán tirẹ̀, sípánà ní tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, kí kálukú dá ohun tó mú padà sórí àwòrán rẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá dín, bàálù kò ní gbéra, ẹnikẹ́ni kò sì ní lọ sílé, nítorí sípánà tí a gbàgbé sínú bàálù lè pa gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ìyẹn dára, èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n ó gbé àṣà náà wálé! Bí mo bá ń dáná lọ́wọ́, á yọjú: "Folúṣadé, ọ̀bẹ kékeré dà?" Èmi á ní, "Mo ti jẹ ẹ́." Kò ní rẹ́rìn-ín. Á dúró síbẹ̀ títí tí ọ̀bẹ á fi jáde.

Ohun tó bí ilé ẹgbẹ́ àwọn ológun òfuurufú tó ti fẹ̀yìntì ni ikú ọ̀rẹ́ wọn kan, Táyéwò. Lọ́dún 2008, wọ́n ní kí àwọn tó ti fẹ̀yìntì wá fi ojú hàn kí wọ́n lè máa rí owó wọn gbà. Àwọn arúgbó tò sínú oòrùn láti ìdájí. Nígbà tó di ọ̀sán, Táyéwò ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ibi ìsìnkú rẹ̀ ni Badrudeen ti bọ́ síwájú. Yorùbá ni Badrudeen, ọmọ bíbí Kàdúná, Ọ̀ffà ni baba rẹ̀ ti wá. Òun ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí wọn nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Haba! Ṣé bí a ó ṣe máa kú nìyí, bí ẹni tí kò lẹ́ni? Ilẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Mando. Ẹ gbà á. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ibi tí ènìyàn ti lè jókòó, tí a ó ti máa ka lẹ́tà fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú, tí a ó ti máa mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá."

Ta ló lówó nínú wọn? Kò sí. Ohun tí kálukú ní ló mú wá. Wọ́n fi ogún búlọ́ọ̀kù lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí lóṣù. Ẹni tí kò bá lè rà á, kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Àwọn tó ti di mẹ́gáàdì ní Màlàlí máa ń ti ẹnu iṣẹ́ wá tààrà ní àárọ̀ Sátidé, ojú wọn á pọ́n kankan, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ńtì. Àwa ìyàwó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo ti gba orogún lọ́jọ́ ogbó mi, pé ilé ẹgbẹ́ ni ìyàwó tuntun ọkọ mi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ.

Igi òrùlé bọ́ sọ́wọ́ Dominic. Ará Kàbbà ni, kápẹ́ńtà, Sabon Tasha ló ń gbé pẹ̀lú Matilda ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Kàdúná mọ̀ pé ìpẹ̀kun ìlú sí ìpẹ̀kun ìlú nìyẹn, ènìyàn á la àárín ìlú já, á sì sọdá odò. Gbogbo Sátidé ni Dominic ń gun máṣìn rẹ̀ wá, tí yóò máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Òun nìkan ló lè fi ọkọ mi ṣẹ̀fẹ̀ kí ojú ọkọ mi má le. Torí pé ọkọ mi, ẹ gbọ́ ná, ti ya pátákó tirẹ̀ síbi iṣẹ́ náà! Irinṣẹ́ mọ́kànlélógójì, àwòrán mọ́kànlélógójì. Nírọ̀lẹ́, á dúró níwájú rẹ̀, á ní, "Ṣó pé?" Dominic wá ń pè é ní Bàbá Ṣó-pé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko, ìṣó kan kò sọnù níbi iṣẹ́ yẹn. Inú ọkọ mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Oṣù Kẹrin ọdún 2011 ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ọjọ́ Ajé ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò ààrẹ tán. Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì òrùlé kò sì tíì ní páànù. Ọkùnrin mọ́kànlá ló wá. Èmi ni mo wà nídìí ìkòkò.

Ó tó aago mọ́kànlá kí fóònù Badrudeen tó dún. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀yin ará, ìlú ti ń gbóná o. Wọ́n ti ń sun táyà lójú títì. Ẹ kó irinṣẹ́ jọ, kí àwọn tí ilé wọn jìnnà máa lọ kíákíá, wallahi." Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Gbogbo wa la rí ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000. Ẹni tó bá rí i kò nílò àlàyé.

Wọ́n sáré dá irinṣẹ́ padà. Ọkọ mi dúró níwájú pátákó. Àwòrán kan ṣófo. Sípánà ńlá.

Ó lọ ti géètì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. "Kò sẹ́ni tó ń jáde títí tí yóò fi pé."

Ẹ wò ó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tún wà lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé ìfẹ̀yìntì wà nílé kálukú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tò! Àwọn arúgbó tò sí ìlà kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò ara wọn wò, lẹ́yìn náà wọ́n tú iyanrìn, wọ́n tú àpò ìṣó. Bí a ti kọ́ wọn nìyẹn, ara wọn kò sì tíì gbàgbé. Badrudeen ní, "Ọládàpọ̀, ilé kọ́ nìyí? Kì í ṣe bàálù." Ọkọ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka irinṣẹ́. Dominic ní, "Bàbá Ṣó-pé, ẹ jẹ́ n máa lọ, Matilda nìkan ló wà nílé." Ọkọ mi ní, "Bí o bá lọ báyìí, ìwọ ni wọn yóò sọ pé o mú un." Dominic rẹ́rìn-ín, ó fi fóònù sétí díẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì tún gun orí òrùlé lọ láti wá a.

Mo pariwo láti ìdí ìkòkò: "Bàbá Dámi, sípánà lásán! Ṣí géètì fún wọn!"

Ó ní, "Gbọ́ ti ìkòkò rẹ."

Mo sì dákẹ́. Èmi Folúṣadé, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi, ọjọ́ yẹn ni mo yàn láti jẹ́ ìyàwó rere.

Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan kí Hàúwà, ìyàwó Badrudeen, tó gba ẹnu ọ̀nà kékeré tó ti inú ilé wọn já síbẹ̀ wọlé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. "Ṣé èyí lẹ ń wá? Bàbá Dámi ló yá mi láàárọ̀, kí n fi tú ẹnu ẹ̀rọ omi tó há."

Òun fúnra rẹ̀ ló yá a lọ. Ó sì ti gbàgbé.

Kò sẹ́ni tó bú u. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí géètì. Dominic gbá a léjìká, ó ní, "Ó ti pé o!" ó sì ta máṣìn rẹ̀ jí. Èmi àti ọkọ mi ń gbé òpópónà kejì sí ibẹ̀. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn dé ilé. Dominic ló ní odò láti sọdá.

Badrudeen kò tilẹ̀ jẹ́ ká délé. Ó kó wa, àwa tí a jẹ́ Kristẹni, pamọ́ sí yàrá àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, ó ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé kò sí àlejò nílé òun. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n rí Dominic ní ilé òkú ní ọsibítù. Ọ̀nà afárá, níbi tí wọ́n pa á sí, ni àwọn sójà ti gbé òkú rẹ̀. Àwọn tó kọjá níbẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ délé wọn ní àlàáfíà.

Ní ìsìnkú, Matilda bi Badrudeen pé kí ló dá ọkọ òun dúró. Badrudeen wo ilẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ òrùlé ni." Àwa yòókù sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àánú ló fi sọ ọ́, mo mọ̀.

Ọkọ mi fẹ́ lọ jẹ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn yóò ha jí Dominic dìde bí? Ẹyin lọ̀rọ̀ o. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. O fẹ́ fún opó ní ẹni tí yóò kórìíra, kí ìwọ lè rí oorun sùn?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ara mi nígbà tí mo ń sọ ọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á máa nàka sí wa. Ó padà jókòó. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi kò ka ohun èlò kankan mọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀bẹ kékeré pamọ́ fún oṣù kan, kó lè bèèrè. Kò bèèrè. Mo sunkún nídìí ààrò bí ọmọdé.

Èmi wá ń lọ kí Matilda ní oṣooṣù ní Sabon Tasha. Ó ń ránṣọ níwájú ilé rẹ̀. Mo máa ń gbé ẹ̀wà tàbí epo lọ, a ó jókòó, a ó sọ ti ọmọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ọjà tó wọ́n. Kò bi mí nípa ọjọ́ yẹn rí. Mo rò pé ó ti gbà fún Ọlọ́run.

Ní 2014, ilé ẹgbẹ́ parí. Wọ́n pe Matilda kó wá já rìbọ́ọ̀nù, wọ́n sì ní kí ọkọ mi sọ̀rọ̀ ránpẹ́. Mo lọ ẹ̀wù rẹ̀, mo kìlọ̀ fún un: "Kí wọn, dúpẹ́, kí o jókòó."

Ó dìde. Kò kí wọn. Ó kọjú sí Matilda, ó ní, "Kì í ṣe iṣẹ́ òrùlé. Èmi ni mo ti géètì mọ́ ọn. Sípánà tí mo fọwọ́ ara mi yá ẹlòmíràn ni mo ń wá. Dominic ní kí n jẹ́ kí òun lọ, mi ò gbà."

Matilda rìn lọ bá a. Ó ní, "Bàbá Dámi, mo ti mọ̀. Ó pè mí lórí fóònù láti ibẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Bàbá Ṣó-pé ti ti géètì mọ́ wa o. Jẹ́ ká bá a wá nǹkan rẹ̀, kí ojú má tì í láàárín ẹgbẹ́.' Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi. Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́."

Ọkọ mi bú sẹ́kún, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Matilda di apá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ìyá Dámi, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀."

"Oṣooṣù lẹ sì ń wá sílé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ wá ń wá?"

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ẹnu tí mo fi ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn, mo wá ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, mi ò rí. Ó mú ọkọ mi lọ́wọ́, wọ́n jọ wọlé.

Mo ṣì ń lọ sí Sabon Tasha. Ó máa ń kí mi dáadáa, ó máa ń bèèrè Dámi, ó sì máa ń dúpẹ́. Kò ní kí n jókòó mọ́.