A Tẹ̀ Ẹ́, A Kò Gé E

Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè Zakariyya ẹlẹ́ṣin ní Bẹyẹrúnkà, ẹṣin rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ júwe. Baba rẹ̀ sin ẹṣin, òun náà ń sìn ín. Ẹni tó bá jẹ oyè ní àdúgbò, tó fẹ́ gun ẹṣin lọ sí Mápó kí ayé rí i, Zakariyya ni í di ìjánu mú níwájú. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ẹṣin pupa náà nìkan ló kù ní ẹ̀yìnkùlé.

Sùúrù ni ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ àbísọ. Akọ tó ti mọ abo dáadáa ní ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní tó ti wá ni. Kò lè rí abo kí ó má já ìjánu, ó sì ti gbé olóyè méjì ṣubú níwájú ìyàwó wọn. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ni ara rẹ̀ tó wálẹ̀, tó fi di Sùúrù.

Lọ́dún yìí, Ọládiípọ̀ tó ń ya fọ́tò ní Bẹẹrẹ ra abo ẹṣin funfun kan, kí àwọn oníbàárà lè máa jókòó lé e ya fọ́tò. Kò ní ibi tí yóò so ó sí. Zakariyya ní kí ó mú un wá.

"Bàbá, akọ kọ́ ni tiyín yìí?"

"Òdá ni. Fọkàn balẹ̀."

Ọládiípọ̀ fọkàn balẹ̀ títí di àárọ̀ Sátidé kan tó gbé gàárì wọlé, tó bá Sùúrù lórí abo rẹ̀, tó ń fi eyín di irun ọrùn rẹ̀ mú bí ọkọ ilé. Àbíkẹ́ tó ń ta ògì lẹ́nu ọ̀nà, tí òun àti Zakariyya jọ dàgbà, ti pa ọjà tì.

"Zàká, òdá tìrẹ mọ iṣẹ́ o. Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ ni?"

"Àbíkẹ́, lọ ta ògì rẹ."

"Ògì mi ò sá lọ. Ìran yìí ló lè tán."

Ọládiípọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fa Sùúrù kúrò tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Ẹpọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá, ẹ purọ́ fún mi."

"Tẹ̀ ni a tẹ̀ ẹ́. Ta ló sọ fún ọ pé a gé e?"

"Ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ ni?"

"Ó wà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mú ọ̀bẹ dání. Igi méjì ló fi há iṣan rẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ títí iṣan fi kú. Àpò á ṣì wà níbẹ̀, ohun inú rẹ̀ á gbẹ."

"Èyí ò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí dókítà fi ọ̀bẹ parí ẹ̀, tàbí kí ẹ tà á. Bí ẹṣin mi bá lóyún, kí ni mo fẹ́ máa fi ya fọ́tò?"

Zakariyya ní òun yóò pe dókítà ẹranko wá wò ó ná. Òun ló di etí Sùúrù mú lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó rántí pé nígbà tó kan ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹṣin náà jà tó bẹ́ẹ̀ tí igi fi yọ. Bó bá ṣe pé ẹyọ kan ló kú ńkọ́? Sùúrù ti darúgbó báyìí. Zakariyya sì ti rí ẹṣin tó kéré sí i, tí ọ̀bẹ kàn, tí egbò rẹ̀ kò jinná mọ́. Títí dókítà fi dé, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin náà.

Dókítà Ìrètíolúwa, obìnrin kékeré kan tó wọ bàtà rọ́bà, ní kí wọ́n di ẹṣin mú. Zakariyya tún di etí rẹ̀ mú. Dókítà na ọwọ́ sí abẹ́, ó tẹ apá ọ̀tún, ó tẹ apá òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Ojú rẹ̀ ni Zakariyya ń wò.

"Méjèèjì ti kú," dókítà wí. "Wọ́n ti gbẹ bí orógbó tí wọ́n gbàgbé sápò."

"Kí ló wá ń gùn ún fún?" Ọládiípọ̀ bèèrè.

"Ó ti mọ abo kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àbí?" Zakariyya mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Òmíràn kì í gbàgbé. Òmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá á máa ṣe é. Abo yín ń wá akọ lásìkò yìí, òun náà sì gbóòórùn rẹ̀. Kò lè fún un lóyún. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, mo lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò níṣẹ́ níbí."

"Irú ẹ̀ pọ̀ ládùúgbò," Àbíkẹ́ sọ láti ẹnu ọ̀nà. "A ò kàn pe dókítà sí wọn ni."

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n ṣáà yà wọ́n, kí pátákò Sùúrù má baà bó abo náà lẹ́yìn. Ọládiípọ̀ lọ wá ọparun gígùn kan, ó fi dábùú àárín àwọn méjèèjì.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo pè yín ní òpùrọ́."

"Èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe irọ́," Zakariyya wí.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Sùúrù wá dúró létí ọparun, ó na ọrùn kọjá sí òdìkejì. Abo náà ò sún sẹ́yìn. Zakariyya wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé abọ́ èèrí tó yẹ kó gbé síwájú Sùúrù nìkan, ó gbé e sábẹ́ ọparun, níbi tí ẹnu àwọn méjèèjì ti lè tó o.